Ìlú Tiwọn tàbí Àárín Ìlú: Àríyànjiyàn lórí Ipò Adití láàárín Àwọn Tó Ń Gbọ́ràn, láti Georgia dé Ìbàdàn

Ní ọdún 1855, ọkùnrin adití kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, John Jacobus Flournoy, kọ ìwé ìpè kan ránṣẹ́ sí àwọn adití ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti sí àwọn tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń fẹ́ kò fara sin. Ó fẹ́ kí àwọn adití kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, kí wọ́n gba ilẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ ọ̀hún sì di ìpínlẹ̀ bí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Adití ni yóò máa ṣe gómìnà, adití ni yóò máa jókòó nílé aṣòfin, adití ni yóò máa dájọ́. Ẹni tó ń gbọ́ràn lè máa gbé ibẹ̀ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò ní lè du ipò ìjọba.

Bí ẹni ń sọ àlá ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Flournoy, òun fúnra rẹ̀ sì dá kún un, nítorí pé ìwà rẹ̀ ṣàjèjì, èrò rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nǹkan sì ya àwọn aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé kalẹ̀ kì í ṣe àlá. Nígbà tí ènìyàn kan kò lè gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ, ta ni ó yẹ kí ó yí padà: òun ni, àbí ìlú? Àbí kí ó kúkú kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà náà. Ó kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé èdè ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ adití ní Ìbàdàn àti ní Èkó lónìí, ẹ̀ka igi tí àwọn aláríyànjiyàn wọ̀nyí jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni. Bí a bá sì wo ìtàn náà dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ etí kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí: iṣẹ́ kíkọ́ èdè ẹnì kejì, àti ẹni tí wọn yóò di ẹrù náà lé lórí.

Flournoy àti Booth

Kí ọdún 1817 tó dé, kò sí ilé-ìwé adití kan tó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Adití kọ̀ọ̀kan ń gbé lóko bàbá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tó ń fẹ́ fún àwọn ará ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan adití mìíràn títí wọ́n fi kú. Ní ọdún náà ni Thomas Hopkins Gallaudet, oníwàásù kan tó ń gbọ́ràn, àti Laurent Clerc, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti ṣe olùkọ́ nílé-ìwé adití ti Paris, ṣí ilé-ìwé kan sí ìlú Hartford ní Connecticut. Clerc ló gbé èdè ọwọ́ Paris dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti oríṣiríṣi àdúgbò wá náà kó àmì ọwọ́ ilé tiwọn wá, àwọn méjèèjì sì pò pọ̀ di èdè tuntun. Ní ọdún 1819 ìjọba àpapọ̀ ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ ilẹ̀. Alabama ni ilẹ̀ ọ̀hún wà, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ró ilé-ìwé náà lágbára. Alabama yóò tún wọ inú ìtàn yìí.

Ọmọ tó bá lo ọdún mélòó kan ní Hartford ti mọ bó ṣe rí láti jókòó láàárín ẹgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ kí ó máa bọ̀, kí àwàdà máa bọ́ sí àkókò, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pariwo sí i létí. Nígbà tó bá padà sóko bàbá rẹ̀, ó tún di ẹni tí wọ́n ń fi àgbọ̀n júwe nǹkan fún, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín tán kí ó tó béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ilé-ìwé ló bí ìlú adití tí Flournoy ń lá àlá rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pàdánù àwùjọ tí kò ní rí.

Ẹ̀sùn Flournoy ni pé ẹ̀tanú ló ti àwọn adití mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kì í ṣe etí wọn. Wọ́n kàwé, wọ́n ní ọgbọ́n, wọ́n ń san owó orí, síbẹ̀ kò sí ipò kan tó níyì tí wọ́n lè dé láàárín àwọn tó ń gbọ́ràn. William Turner, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Hartford tó ń gbọ́ràn, dá a lóhùn. Ó ní adití lè ní ọgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ nílé aṣòfin, nítorí pé iṣẹ́ etí àti ẹnu ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ìdáhùn yìí fi ohun tí Flournoy ń sọ hàn ju bí Flournoy fúnra rẹ̀ ti lè fi í hàn lọ: ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn adití lẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sọ pé ẹ̀kọ́ náà ní ibi tí kò gbọdọ̀ gbé wọn dé. Ṣùgbọ́n Turner fi ìbéèrè kan kún un tí kò rọrùn láti dá lóhùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí adití ń bí ló ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn ìran kan, ta ni yóò máa gbé ìpínlẹ̀ adití? Flournoy ní kí àwọn ọmọ náà lọ síbi tó bá wù wọ́n, àwọn adití láti ibòmíràn yóò wá rọ́pò wọn. Baba tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tó ta kò ó jù lọ, adití bíi tirẹ̀ ni. Edmund Booth ti pàdánù etí rẹ̀ ní kékeré, ó kàwé ní Hartford, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ kí ó tó kọrí sí Iowa ní ọdún 1839, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìgbẹ́. Ó kọ́ ilé, ó dáko, ó lọ wa góòlù ní California ní ọdún 1849, ó sì padà wá di olóòtú ìwé ìròyìn ìlú Anamosa. Àwọn tó ń gbọ́ràn ní àgbègbè rẹ̀ ti dìbò yàn án sí ipò akọ̀wé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ohun tí Turner ní kò ṣeé ṣe, Booth ti ń ṣe é.

Booth kò sọ pé ayé àwọn tó ń gbọ́ràn dára. Ó sọ pé kò sí ibi tí a lè sá sí tí a kò ní bá wọn níbẹ̀. Àwọn adití kéré níye, wọ́n fọ́n káàkiri, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Àgbẹ̀ kì í fi oko rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èrò. Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ni afárá tó gbẹ́kẹ̀ lé: ẹni tó bá lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì lè ka ti ẹlòmíràn, ti wà láàárín ìlú. Ó rọrùn fún oníwèé ìròyìn láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Booth kò kọ ẹgbẹ́ adití sílẹ̀. Adití ni ìyàwó rẹ̀, èdè ọwọ́ ni èdè ilé wọn. Bó ṣe gbé ayé fi hàn pé ènìyàn lè ní ilé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò, ohun tí kò fi hàn ni iye ẹni tó ní agbára àti oríire láti máa tukọ̀ lọ tukọ̀ bọ̀ lójoojúmọ́ bíi tirẹ̀.

Àríyànjiyàn náà wáyé nínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ adití Amẹ́ríkà títí di ọdún 1858, ó sì parẹ́ láìsí ilẹ̀ kankan tí wọ́n gbà. Ohun kan kù nípa Flournoy tí kò yẹ kí òpìtàn fò dá. Ní ọdún 1835 ni ó ti tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tó ti ń béèrè pé kí wọ́n lé gbogbo ènìyàn dúdú kúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó mọ bí ìyọsílẹ̀ ṣe ń dunni tó, òun náà ló ń wá bí yóò ṣe yọ ẹlòmíràn sílẹ̀. Ìlú tiwa tó ń kọ́ lẹ́kàn rẹ̀ ní odi, ojú ibodè rẹ̀ sì ti mọ àwọn tí kò ní wọlé.

Ọdún 1880

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, àwọn adití péjọ sí ìlú Cincinnati, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ adití Amẹ́ríkà sílẹ̀. Booth, tó ti di àgbàlagbà, wà lára àwọn tó darí ìpàdé náà. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn olùkọ́ adití àgbáyé péjọ sí Milan ní Ítálì. Àwọn aṣojú 164 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ará Ítálì àti Faransé. Nínú gbogbo wọn, adití kan ṣoṣo ló wà, James Denison láti Washington. Wọ́n dìbò, ẹni 160 sí mẹ́rin, pé ọ̀rọ̀ ẹnu borí èdè ọwọ́, àti pé òun ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ adití.

Ohun tí ìbò náà fà kò kéré. Káàkiri Yúróòpù, wọ́n lé èdè ọwọ́ jáde nínú kíláàsì, àwọn olùkọ́ tó jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí pé wọn kò lè kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n sì ní kí ọmọ máa wo ètè olùkọ́ kí ó sì máa fara wé ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbọ́. Nígbà tó di ọdún 2010, ìpàdé irú rẹ̀ tó wáyé ní Vancouver kọ ìpinnu Milan sílẹ̀, ó sì fi àbámọ̀ hàn. Àádóje ọdún ti kọjá.

Kò tọ́ kí a rò pé ìkà ló ń ṣe àwọn ará Milan. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí adití wọ àárín ìlú, kí ó lè bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe wà nínú àgbàlá tirẹ̀. Ìfẹ́ yìí ló ń darí Alexander Graham Bell pẹ̀lú, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù. Adití ni ìyá rẹ̀. Adití ni Mabel ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ adití ni òun fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́ èdè ọwọ́. Ṣùgbọ́n Mabel ti mọ ọ̀rọ̀ sọ kí àìsàn tó di í létí lọ́mọ ọdún márùn-ún, bàbá rẹ̀ sì lówó lọ́wọ́ láti gba olùkọ́ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà lójoojúmọ́. Láti ara obìnrin kan tí ọ̀nà ẹnu bá mu ni Bell ti ń wọn gbogbo adití yòókù.

Ní ọdún 1883 ó ka ìwé kan níwájú àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà lórí bí ẹ̀yà adití ṣe lè yọ jáde nínú ìran ènìyàn. Ó ní ilé-ìwé tí àwọn adití ń gbé, èdè ọwọ́ wọn, ẹgbẹ́ wọn, ìwé ìròyìn wọn àti àwọn olùkọ́ wọn tó jẹ́ adití ló ń mú kí wọ́n máa fẹ́ ara wọn, bí wọ́n bá sì ń fẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, adití yóò máa pọ̀ sí i. Kò gbára lé òfin tí yóò ka ìgbéyàwó wọn léèwọ̀. Ohun tó yàn ni pé kí wọ́n fọ́n àwọn ọmọ náà ká, kí wọ́n máa kàwé láàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, kí wọ́n sì mú èdè ọwọ́ àti olùkọ́ adití kúrò. Ohun tí Flournoy rí bí ìrètí ni Bell rí bí àrùn. Ní ọdún 1898, Edward Allen Fay tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ìgbéyàwó adití tó lé ní 4,000. Àjọ tí Bell dá sílẹ̀ ló gbé ìwé náà jáde, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí àwọn adití wọ̀nyí bí ló ń gbọ́ràn.

Bell wá ẹ̀rí lọ sí erékùṣù Martha's Vineyard ní etíkun Massachusetts, ó ń tú ìwé ìdílé wò láti mọ bí ìdití ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Adití pọ̀ níbẹ̀ gan-an, pàápàá ní abúlé Chilmark. Ohun tó wà lójú ibẹ̀ tí kò kọbi ara sí ni ohun tí Nora Ellen Groce, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1985: gbogbo ará ìlú ló ń sọ èdè ọwọ́. Apẹja tó ń gbọ́ràn ń fi í bá apẹja tó ń gbọ́ràn sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀ nígbà tí ohùn kò lè dé. Àwọn adití ibẹ̀ ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, wọ́n ń di ipò mú nílùú. Nígbà tí Groce béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó nípa wọn, iṣẹ́ wọn àti ìwà wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí, wọ́n á tó rántí etí. Wọn kò kó lọ sí ìlú tiwọn, wọn kò sì di ẹlẹ́nu àdábọwọ́. Ìlú ló kọ́ èdè wọn. Ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ kò rí èdè.

Láti Alabama dé Ìbàdàn

Ní ọdún 1925 ni wọ́n bí Andrew Foster ní Ensley, Alabama, ní ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ró Hartford lágbára ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Àìsàn ọpọlọ di í létí nígbà tó pé ọmọ ọdún 11. Ilé-ìwé adití ti àwọn ènìyàn dúdú ní Talladega ni wọ́n rán an lọ, nítorí pé ilé-ìwé ti àwọn funfun kò gbà á. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nílé parí ẹ̀kọ́ girama. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington, tí àwọn adití Amẹ́ríkà ń pè ní ilé wọn láti ìgbà tí Ààrẹ Lincoln ti fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọdún 1864, kọ̀ ọ́ léraléra nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n tó gbà á. Ní ọdún 1954 ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè níbẹ̀. Òun ni ẹni tí ìlú Flournoy kò ní gbà wọlé.

Foster dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ fún àwọn adití ní ọdún 1956. Ní ọdún 1957 ó dé Accra, níbi tí àwọn aláṣẹ ti sọ fún un pé kò sí ọmọ adití púpọ̀ ní ilẹ̀ náà. Wọn kò purọ́ lójú ara wọn: ọmọ tó wà lóko tàbí nínú yàrá kì í hàn sí ẹni tó ń ka ènìyàn ní ọ́fíìsì. Ní ọdún 1960 ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ti Ẹnúgu àti ti Kàdúná sì tẹ̀ lé e. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rùwáńdà ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ilé-ìwé tó ti dá sílẹ̀ lé ní 30 ní orílẹ̀-èdè 13.

Èdè ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1958, Ilé-ìwé Adití Wesley ti bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, ọ̀nà ẹnu sì ni wọ́n tọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, láti Yunifásítì Manchester, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ adití. Báyìí ni àríyànjiyàn Milan ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún méjì: ẹnu l'Ékòó, ọwọ́ ní Ìbàdàn. Àwọn òbí tó ń yan ilé-ìwé fún ọmọ kò mọ̀ pé ìjà ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ń yàn nínú rẹ̀.

Ohun kan wà nípa èdè Yorùbá tí ó yẹ kí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò nígbà náà. Kíka ètè ṣòro ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi b àti m jọ ara wọn lẹ́nu. Ní Yorùbá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ tó ni ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bákan náà ni wọ́n rí lójú ètè. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn lẹ́nu. Ìlù gángan ń sọ ohùn ó ń fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀. Ètè ń fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì hàn ó ń fi ohùn sílẹ̀. Ìdajì èdè tí ìlù kò gbé ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ adití fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ètè nìkan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbilẹ̀ ní kíláàsì, nítorí náà ọmọ tó bá tilẹ̀ yege níbẹ̀ lè dé ilé kí ó máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìyá tí kò sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà ọwọ́ ló borí nígbẹ̀yìn. Láti àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọwọ́, ẹnu àti ìwé kíkọ pọ̀. Ìbàdàn di ibùdó: ibẹ̀ ni Foster ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, tí wọ́n sì padà lọ kọ́ àwọn adití ní ìlú bíi Lomé àti Cotonou. Èdè ọwọ́ tí Clerc kó kúrò ní Paris ní ọdún 1816 tún padà sí abẹ́ èdè Faransé, lẹ́yìn tó ti gba Hartford, Washington àti Ìbàdàn kọjá.

Ọwọ́ ilé, ọwọ́ ilé-ìwé

Ṣùgbọ́n ta ni Foster bá nílé? Kí ó tó dé, àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá kò jókòó láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá ìyá wọn, ọ̀gá wọn nídìí iṣẹ́ àti oníbàárà wọn lọ́jà fi ọwọ́ àti ojú sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé kò ka ìyẹn sí èdè. Irú ojú tí Milan fi wo èdè ọwọ́ Paris ni ilé-ìwé aláfọwọ́kọ́ni fi wo ọwọ́ tó ti abúlé wá: àpèjúwe lásán, ohun tí ọmọ yóò gbàgbé tó bá ti mọ̀wé. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ Foster yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó gbé èdè dé bá ilé tó ti ní èdè díẹ̀ náà ni.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ wà ní Gánà, kò sì jìnnà sí Accra tí Foster kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Ní abúlé Adamorobe, adití ti pọ̀ láti ìran dé ìran, èdè ọwọ́ tiwọn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ti Paris tàbí ti Hartford sì wà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ràn níbẹ̀ náà gbọ́. Ìwé Victoria Nyst tó jáde ní ọdún 2007 ṣe àlàyé gírámà rẹ̀. Vineyard mìíràn ni, láàárín àwọn Akan. Ní ọdún 1975, olórí abúlé náà ka ìgbéyàwó láàárín adití àti adití léèwọ̀, kí adití má baà pọ̀ sí i. Ohun tí Bell yẹra fún ní òfin wáyé ní Adamorobe. Àwọn ọmọ adití ibẹ̀ sì lọ ń gbé ilé-ìwé ní Mampong, níbi tí èdè ọwọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá ti jọba. Bí wọ́n bá dé fún ìsinmi, wọ́n ń sọ ohun tí àwọn àgbà adití abúlé kò gbọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kí ìlú gba adití mọ́ra kí ó sì máa fẹ́ kí wọ́n tán. Àwọn tó ń fi Vineyard ṣe àwòkọ́ṣe kì í sábà rántí bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpínyà náà kò ní abúlé kan tí a lè tọ́ka sí, inú ilé kọ̀ọ̀kan ló wà. Ọmọ tó ti ilé-ìwé adití dé ní ìsinmi gbọ́ èdè ọwọ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ kò mọ̀, ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá àgbà kò lè kà, afárá ìwé tí Booth gbẹ́kẹ̀ lé kò sì kan ilé náà. Ìyá àgbà tún padà sí fífi àgbọ̀n júwe. Ní òpin ìsinmi, ọmọ a máa yára di ẹrù rẹ̀ padà sílé-ìwé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Hartford ti ń ṣe. Àwọn adití tó kàwé tán kó jọ sí ìlú ńlá, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti òṣìṣẹ́ ìjọ tó ń fi ọwọ́ wàásù, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Kò sí ẹni tó ka ìwé Flournoy nínú wọn tí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ilé, ọkọ̀ àti iṣẹ́. Ó ní kí ilé ìwòsàn ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún aláìsàn tó bá nílò rẹ̀. Àbala kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn oníwèé ìròyìn kò pariwo tó bí ti ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà: pé kí èdè ọwọ́ àti ìwé afọ́jú wọ inú ètò ẹ̀kọ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ìwé gíga. Bí a bá kà á bó ṣe wà, ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ó ń rán níṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òfin ilẹ̀ náà yóò di ẹrù kíkọ́ èdè lé ẹ̀gbẹ́ kejì lórí. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ èdè ọwọ́ tí ọmọ Ìṣẹ́yìn tàbí ti Ìkirè yóò kọ́: èyí tó ti Hartford gba Ìbàdàn dé, tàbí èyí tí adití àgbà tó ń rán aṣọ ní ìsàlẹ̀ òpópónà ń lò kí ilé-ìwé tó dé.